Hápíìsì, Ìwé Àyẹ̀wò àti Ìgò Àgbo

Bí àwọn ọmọ bá wà nítòsí rédíò, ẹ má tìtorí wọn pa á. Kò sí ìsọkúsọ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọn yóò kàn bi yín ní ìbéèrè ni, ẹ yáa múra ìdáhùn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ hápíìsì ni. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ mi, Òkè-Àdó ní Ìbàdàn níbí sì ni mo ti ń ṣe é. Láti ọ̀nà pápá ìṣeré Liberty àtijọ́, tí wọ́n sọ ní orúkọ Awólọ́wọ̀ ní 2010, títí dé Imalefalafia tí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune wà, kẹ́míìsì àti láàbù kò wọ́n wa. Ẹni tí àrùn yìí bá ṣe kì í sábà dárúkọ rẹ̀ bó bá dé ibẹ̀. Ọ̀kan á ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ni. Òmíràn á ní sítáfù ló tún bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn á kàn yọ fóònù, á fi àwòrán hàn mí, á wá máa wo ojú fèrèsé. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti lo Ampiclox, ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ojú egbò, ó sì ti mu ìgò àgbo méjì. Ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ mi kò ju ìwé kan lọ, ìwé tí yóò sọ fún un pé ó ti lọ.

Ìwé yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé, nítorí láti ọ̀dọ̀ àwa aláàyẹ̀wò ni ìgbàgbọ́ nínú àgbo hápíìsì ti ń rí oúnjẹ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú àrùn tó jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì méjì ló ń fà á. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní HSV-1, ẹnu ló sábà máa ń bá jà. Nígbà tí ibà bá ṣe ènìyàn, tí ìléròrò wẹ́wẹ́ yọ sí i létí ètè, tí àwọn àgbà ní ibà ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ yẹn, òun náà nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Èkejì, HSV-2, abẹ́ ni tirẹ̀. Àmọ́ HSV-1 náà lè dé abẹ́ bí ẹni tó ní in lẹ́nu bá fi ẹnu kan abẹ́ ẹlòmíràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, àwọn tí kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún tí wọ́n ní HSV-1 lára tó bílíọ̀nù 3.8 káàkiri ayé, àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49 tí wọ́n ní HSV-2 sì tó mílíọ̀nù 520. Nínú ènìyàn 100 tó wà ní ọjọ́ orí yẹn, bí 13 ló ní HSV-2. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti pọ̀ jù lọ, ó sì ń ran obìnrin ju ọkùnrin lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ rárá, nítorí pé egbò tiwọn kéré tàbí kó má tilẹ̀ yọ. Ẹni tó bá ń sá fún ẹni tó ní hápíìsì nínú ọkọ̀ èrò, kí ó yáa sọ̀kalẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn.

Kò sì sí lórí àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ara sí ara ló ń gbà ràn: ètè sí ètè, abẹ́ sí abẹ́, ẹnu sí abẹ́.

Bí egbò bá jiná, fáírọ́ọ̀sì náà kò kúrò. Á gba inú iṣan ìmọ̀lára padà lọ sí ìdí iṣan náà, ti abẹ́ á lọ sí ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ti ẹnu á lọ sínú agbárí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Á dákẹ́ síbẹ̀. Oògùn tó ń bá a jà, ìgbà tó bá ń bí sí i ló ń rí i mú. Níbẹ̀ yẹn kò bí sí i, oògùn kò rí nǹkan dá dúró. Bí àárẹ̀ bá pọ̀, tàbí ìrònú, tàbí àìsàn mìíràn, tàbí nǹkan oṣù, á tún gba ọ̀nà tó bá lọ padà wá sójú awọ. Egbò àkọ́kọ́ lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó jiná. Àwọn tó bá ń tẹ̀lé e kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í kọjá ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ HSV-2 ló wà lábẹ́, á máa padà bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún àkọ́kọ́, ní ìpíndọ́gba, bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún ni yóò máa dínkù. Gbogbo èyí, bí ènìyàn kò tilẹ̀ lo oògùn kankan. Ẹ fi ìyẹn sápá kan, a ó padà sí i.

Ó di ti àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò tó dájú jù lọ ni èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí egbò wà níta. Wọ́n á fi òwú mímọ́ tó wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ nu inú ìléròrò náà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ PCR, ẹ̀rọ tó ń wá fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀. Á sọ bó bá wà, á sì sọ èwo ni nínú méjèèjì. Bó ṣe yá sí ló ṣe dára sí. Tí egbò bá ti gbẹ, tó ti ní èépá, ohun tí òwú yóò rí gbé kò tó nǹkan mọ́. Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ yìí. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣèwádìí fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn UCH, UCH sì ní klíníkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àrùn ìbálòpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní STC.

Ṣùgbọ́n báwo ni tiwa ṣe ń rí? Ìtìjú kò ní jẹ́ kí ẹni tí egbò yọ sí lábẹ́ jáde. Á fara pamọ́ títí yóò fi jiná. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni yóò wá yọ sí wa, á ká apá aṣọ sókè, á ní ká fa ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ kì í fi fáírọ́ọ̀sì náà hàn wá. Èròjà ìgbèjà tí ara pèsè dè é ló ń fi hàn. Lórí ìwé, orúkọ méjì lẹ ó rí, IgM àti IgG. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn alájọṣe mi kan kò ní fẹ́ràn mi: IgM kò ní ohun tó ń ṣe fún wa nínú ọ̀rọ̀ hápíìsì. Kò lè ya HSV-1 sọ́tọ̀ kúrò lára HSV-2. Ó lè jáde nígbà tí àrùn ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn bá padà wá, kí ẹni náà rò pé lánàá ni òun kó o. Ìlànà tí àjọ CDC ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2021 ní kí àwọn dókítà má lò ó. Síbẹ̀ àwa ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò Widal fún gbogbo ẹni tí orí bá ń fọ́, tí a ń sọ pé táífọ́ọ̀dù ni.

IgG sàn jù ú lọ, àmọ́ òun náà ní tirẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó yọjú, nígbà mìíràn ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kó àrùn lóṣù tó kọjá lè gba ìwé tó ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà ló ń jáde, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lórí irú àyẹ̀wò tí ó wọ́pọ̀, bí nọ́ńbà HSV-2 bá ti lé ní 1.1, wọ́n á kọ pọ́sítíìfù sórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà yẹn kò bá tíì dé 3, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń jẹ́ irọ́, ó yẹ kí wọ́n fi irú àyẹ̀wò mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó sunkún. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ní Rakai, ní orílẹ̀-èdè Uganda, àwọn oníwàádìí rí i pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹni tó ní HSV-2 nígbà tí wọn kò ní in, wọ́n sì dá a lábàá pé kí wọ́n gbé òdiwọ̀n rẹ̀ ga sókè. Mélòó nínú àwọn tó ń gba ìwé yìí ni wọ́n ti sọ fún rí pé kí wọ́n wo nọ́ńbà?

Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ onímọ̀ tó ń dá ìmọ̀ràn lórí àyẹ̀wò ara ní Amẹ́ríkà fi sọ ní 2016, tí wọ́n sì tún un sọ ní 2023, pé ẹni tí nǹkan kan kò ṣe kò gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ hápíìsì. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń béèrè HIV àti jẹ̀nótáìpù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n ṣeun, ìyẹn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lọ fi hápíìsì kún un, ìgbéyàwó tí wọ́n ti pín aṣọ ẹbí rẹ̀ lè dàrú nítorí 1.4.

Wàyí o, ìgò àgbo.

Ẹ jáde lọ sí Ọjà Bódè, ẹ ó bá àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ àti lẹ́kúlẹ́jà nídìí ọjà wọn. Èmi kì í bú wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá tó bí mi ti ra ewé tí wọ́n fi wẹ̀ mí. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tí mo ń bá wí, àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri tí wọ́n ń ka àrùn mẹ́rìnlá sórí ìgò kan ṣoṣo, àti àwọn tó fi fóònù ṣe ìsọ̀, tí ẹni tí a kò rí rí ń jẹ́rìí fún wọn pé hápíìsì ọdún méje lọ pátápátá lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún. Wọ́n ń ra àkókò lórí rédíò náà, kí n má parọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sápá kan. Egbò àkọ́kọ́ á máa jiná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, àwọn tó tẹ̀lé e ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà wo ni ènìyàn máa ń ra àgbo? Ọjọ́ tí egbò bá le jù, tí ìtọ̀ kò ṣeé tọ̀, ni yóò sáré rà á. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ìjiná ló kù. Bó mu àgbo, á jiná. Bó mu omi tútù, á jiná. Ẹni tó bá ń ta oògùn òjò ní oṣù kẹfà kò ní ṣàìrí oníbàárà tó ń dúpẹ́. Bí egbò bá sì tún padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, oníṣègùn á ní, ‘Ẹ ò mu ún pé,’ tàbí, ‘Ẹ ti jẹ ohun tí mo ní kí ẹ má jẹ.’ Ìgò mìíràn á tún bọ́ síta. Lọ́dún kẹta, kẹrin, nígbà tí àrùn náà bá dínkù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ìgò tó bá wà lọ́wọ́ lásìkò yẹn ni yóò gba gbogbo ìyìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá bá wa. Ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ lójú fèrèsé láàbù máa ń rí báyìí:

‘Àǹtí, ẹ ò lè sọ pé irọ́ ni. Ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Èyí ní pọ́sítíìfù, èyí ní nẹ́gátíìfù. Àgbo ló wà láàárín wọn.’

‘Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo ìwé méjèèjì.’

Ká sì wò ó. Ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ IgM, èkejì jẹ́ IgG. Tàbí kí nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1.3, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ òótọ́ láti ilẹ̀, tí ti èkejì wá jẹ́ 0.9. Tàbí kó jẹ́ láàbù méjì, irú àyẹ̀wò méjì, òdiwọ̀n méjì. Tàbí kó jẹ́ pé òwú ni wọ́n fi nu awọ tí kò ní egbò kankan, tí wọn kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí èyí tó ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì ti kúrò nídìí iṣan. Ẹ̀jẹ̀ tí à ń fà kò dé ibẹ̀. Bí IgG ẹni tó ní àrùn náà lóòótọ́ bá ti yọ, ó sábà máa ń wà níbẹ̀ títí lọ, bí egbò kò tilẹ̀ yọ mọ́ rárá. Nítorí náà, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a lè fi mọ̀ pé hápíìsì ti sàn, ẹni tó bá sì ní kí ẹ lọ ṣe ọ̀kan wá kí ẹ lè gbà á gbọ́, yálà kò mọ̀ tàbí ó mọ̀ dáadáa.

Irú ìwé báyìí ti da orílẹ̀-èdè kan rú rí. Ní oṣù kìíní 2007, Yahya Jammeh, ààrẹ Gambia nígbà náà, kéde pé òun ní ewé tó ń wo éèdì sàn. Wọ́n kó àwọn aláìsàn jọ, wọ́n ní kí wọ́n dá oògùn HIV wọn dúró, ó ń fi ewé pa wọ́n lára níwájú kámẹ́rà. Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀rí, ìjọba rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí Yunifásítì Cheikh Anta Diop ní Dakar. Nínú àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mẹ́sàn-án, wọn kò rí fáírọ́ọ̀sì nínú mẹ́rin. Ó di ariwo: wọ́n ti sàn! Dókítà Coumba Touré Kane, tó ń darí ẹ̀ka tó ṣe àyẹ̀wò náà, ló wá fèsì pé àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni sàn, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe rí tẹ́lẹ̀, ó sì ní ìwà àìṣòótọ́ ni bí wọ́n ṣe lo èsì náà. Nínú àwọn aláìsàn yẹn, àwọn kan ti ń lo oògùn HIV kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Àwọn kan kú lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró. Ní 2018, lẹ́yìn tí Jammeh ti sá kúrò nílé, mẹ́ta nínú àwọn tó yè é pè é lẹ́jọ́ ní Banjul.

Hápíìsì kì í pa ènìyàn bí éèdì, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà: àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀, ewé, àti ìwé láàbù tí ẹni tó kọ ọ́ kò sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ń tàn báyìí. Ní oṣù karùn-ún 2011, FDA àti FTC, àwọn àjọ tó ń mójú tó oògùn àti òwò ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé ìkìlọ̀ sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta oògùn inú ike tí wọ́n ní ó ń wo hápíìsì àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Òyìnbó náà ń ra àgbo. Tiwọn kàn ní páálí tó ń dán ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ sí rédíò báyìí. Wọ́n ní àwa aláàyẹ̀wò kórìíra ewé. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ewé kan fún yín, nítorí pé ìran Yorùbá ló ni ín. Ẹni-ọ̀wọ̀ Paul Ògúnyalé ní oògùn ìdílé kan fún fòníkú-fọ̀ladìde, tí òyìnbó ń pè ní sickle cell. Ìyèré wà nínú rẹ̀, osùn wà níbẹ̀, kànáfùrù wà níbẹ̀, ọkà bàbà náà wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, ó gbé e fún NIPRD, iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí. Wọn kò kàn gbà á gbọ́. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní oògùn náà fún ìgbà kan, wọ́n fún wọn ní ayédèrú tó jọ ọ́ fún ìgbà mìíràn, aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń gbà, dókítà kò mọ̀. Àgbéjáde wọn ní 2001 fi hàn pé ìrora tó máa ń kọlù wọ́n dínkù nígbà tí wọ́n ń lo ojúlówó. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i ní 2006. Ẹ gbọ́ dáadáa: ó dínkù ni wọ́n sọ. Wọn kò sọ pé ó wò ó sàn. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀ wọko gbèsè lẹ́yìn náà, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn tó tó ètò kan láyè ara rẹ̀.

Oògùn hápíìsì tí dókítà ń kọ fún yín náà kò jìnnà sí ìtàn ewé. Ní àwọn ọdún 1950, Werner Bergmann rí èròjà àjèjì kan lára kànìnkànìn inú òkun Karíbíà. Èròjà yẹn ló ṣí àwọn apoògùn lójú sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tan fáírọ́ọ̀sì jẹ. Láti ọ̀nà yẹn ni acyclovir ti jáde nígbà tó yá, láti ọwọ́ Gertrude Elion àti àwọn alájọṣe rẹ̀. Elion wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Nítorí náà, bí ẹlẹ́wé-ọmọ kan ní Bódè bá ní ewé tó mọ̀ fún egbò abẹ́, mi ò ní rẹ́rìn-ín. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ síbi tí Ògúnyalé gbé tirẹ̀ lọ.

Nípa nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín. Ẹ wo ìgò àgbo náà. Bí lẹ́tà L bá wà ní ìparí nọ́ńbà, wọ́n kàn kọ oògùn náà sínú ìwé ni, wọ́n wò ó pé kò ní májèlé, wọn kò wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ó wà lára páálí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò. Ẹni tó ń fi nọ́ńbà yẹn búra fún yín pé ìjọba ti fọwọ́ sí i pé ó ń wo hápíìsì, ẹ ní kó ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ náà sókè.

Ṣé ìrètí ìwòsàn ti wọmi ni? Kò wọmi. Ní Seattle, ní ilé ìwádìí Fred Hutch, Keith Jerome àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fi ohun tó ń gé àbùdá sí wẹ́wẹ́ bá HSV-1 jà nídìí iṣan. Ní 2020, wọ́n kéde pé wọ́n ti mú èyí tó ju 90 nínú 100 kúrò. Nínú èkúté ni o. Wọ́n ṣì ń bá a lọ.

Ní báyìí ná, ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò burú. Acyclovir wà, kò wọ́n, ó ti kúrò ní oògùn àwọn olówó. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété tí ara bá ti ń ta á, kí ìléròrò tó yọ tán, egbò náà á yára lọ. Ẹni tó bá ń padà sí lemọ́lemọ́, dókítà lè ní kó máa lò ó lójoojúmọ́, èyí a máa dín ìpadàbọ̀ rẹ̀ kù ní ìdá bí 70 sí 80 nínú 100. Oògùn mìíràn tó jọ ọ́, valacyclovir, bí ẹni tó ní HSV-2 bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó dín ewu pé yóò ran ẹnì kejì rẹ̀ kù ní bí ìdajì. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2004 ló fi hàn. Kọ́ńdọ́ọ̀mù tún dín in kù sí i. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ó lè ràn lọ́jọ́ tí egbò kankan kò sí. Ampiclox kò ṣe nǹkan kan sí i, Flagyl kò ṣe nǹkan kan sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń bó awọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ní HSV-2 mọ̀ pé ewu kíkó HIV fún òun tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹlòmíràn, nítorí náà àyẹ̀wò HIV ni kó fi owó ìgò àgbo kẹta lọ ṣe.

Ìbéèrè tó ń tú ilé ká ni: ta ló kó o wálé? Ìyàwó gba ìwé, ọkọ ní òun kò ní nǹkan kan, àwọn àna pé jọ. Ẹ̀yin àgbà tí wọ́n ń pè sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ẹ dákun, ìwé láàbù kò lè dá ẹjọ́ yẹn. Fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìyọ egbò kan, kó tó wá yọ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ọmọ méjì. Ó lè jẹ́ ọkọ ló ní in kó tó mọ ìyàwó, ó lè jẹ́ ìyàwó, ó lè jẹ́ pé bó bá jẹ́ HSV-1, láti ìgbà èwe ló ti wà lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. IgG kò ní déètì lára. Mo ti rí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé lórí IgM.

Èyí tó kù jẹ́ ti àwọn aláboyún, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Bí hápíìsì bá ti wà lára ìyá tipẹ́, ewu pé ọmọ yóò kó o kéré gan-an, kò pé ọ̀kan nínú 100, nítorí pé èròjà ìgbèjà ìyá ti dé ara ọmọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ìparí oyún ni ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, ewu náà á fò sókè sí 30 sí 50 nínú 100, hápíìsì lára ọmọ tuntun sì lè wọ ọpọlọ rẹ̀, ó lè pa á. Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá ní in tí ìyàwó yín kò ní in, ẹ jìnnà sí i ní oṣù mẹ́ta yẹn. Bó bá jẹ́ ẹnu ni tiyín, ẹ gbé ẹnu yín kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ìléròrò bá sì wà létí ètè rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu, ì báà jẹ́ ìyá àgbà tó ti ọ̀nà jíjìn wá kí i.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ní in, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún. Wọ́n lè fún yín ní acyclovir láti ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì. Bí egbò bá yọ lọ́jọ́ ìrọbí, tàbí tí ibẹ̀ kàn ń ta yín bó ṣe máa ń ta kí ó tó yọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó ṣe ohunkóhun, nítorí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á fẹ́ fi gba ọmọ náà. Bó bá jẹ́ ìyá ọkọ yín ló tẹ̀lé yín dé wọ́ọ̀dù, tí ojú ń tì yín, ẹ ní kó bá yín ra omi wá níta. Kó tó padà dé, ẹ ti sọ ọ́ tán.